Nígbà Tí A Ń Fi Awọ Màlúù Dí Gíábọ́ọ̀sì

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ràṣídì, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná, kò ní sá lọ. Mo rí gbogbo yín láàárọ̀ yìí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹ gbé wá, tí mo fi ìka kan ọ́ìlì tó ń kán sílẹ̀, tí mo sì gbé ìka náà sí imú. Ẹ fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tilẹ̀ ní, "Bàbá, ṣé ọbẹ̀ ni?" Ọbẹ̀ kọ́. Ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì ni. Ó nípọn láàárín ìka bí oyin, òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti ẹyin tó fẹ́ bàjẹ́. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kì í rùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí imú rẹ̀ bá mọ ìyàtọ̀ yìí kò ní tú ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́ńjìnnì palẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé gíábọ́ọ̀sì ló ń jò.

Ẹ wá ní ẹ ti wá síìlì rẹ̀ títí, pé kò sí ní ọjà kankan, pé ẹ tún ti fi fóònù wá a dé òkè òkun. Ẹnu yà mí. Kì í ṣe nítorí pé ẹ ò rí i. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ayé ti lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀, tí ẹ jókòó sí Muṣin níhìn-ín, tí ẹ ń bá ẹni tí ẹ ò rí rí nílùú òyìnbó sọ̀rọ̀ lórí òrùka rọ́bà kan ṣoṣo. Ní tiwa, a kì í wá síìlì lọ síbì kankan. Ara màlúù la ti ń gé e.

Ẹ má wo ara yín lójú. Awọ ni mo wí. Ṣé ẹ mọ ibi tí ọ̀pá irin ti yọ lẹ́yìn gíábọ́ọ̀sì láti lọ yí ẹsẹ̀ ọkọ̀? Ibẹ̀ ni síìlì ń gbé, ó dì mọ́ ọ̀pá náà yíká kí ọ́ìlì má baà bá a jáde. Àwọn lọ́rì kan wà lójú títì nígbà èwe mi, tí àwọn fúnra wọn ti dàgbà jù mí lọ. Awọ ló wà níbẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe wọ́n. Bí èyí tó wà níbẹ̀ bá gbó, òmíràn la ó gé. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, ẹ mọ ìyókù. Èmi ni mo ni àkísà náà, ẹ jẹ́ kí n tú u wò fún yín.

Oníṣẹ́ awọ ni Bàámi. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti wá sí Muṣin kí wọ́n tó bí mi, wọ́n sì ní ìsọ̀ kan lójú títì, kò jìnnà sí Ìdí-Òrò. Bàtà, àpò, àkọ̀ ọ̀bẹ, ẹwìrì tí alágbẹ̀dẹ fi ń fẹ́ná, kò sí èyí tí wọn kì í ṣe. Fèrè ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú ló máa ń jí gbogbo àdúgbò láàárọ̀. Kí fèrè yẹn tó dákẹ́, kùmọ̀ Bàámi á ti bẹ̀rẹ̀ lórí òkúta tí wọ́n ti ń na awọ: kóò, kóò, kóò. Nígbà tí wọ́n kú, ó tó ọdún kan tí mo fi ń jí láàárọ̀ tí mo ń retí ìró yẹn.

Bí Iléyá bá kọjá, ẹ má wulẹ̀ wá sí ìsọ̀ wa bí inú yín bá ń tètè rìn. Gbogbo ilé tó pa àgbò ló ń gbé awọ wá. Iyọ̀ tí a ń fi pa á lára pọ̀ ju èyí tí màmá mi fi ń se ọbẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Òórùn rẹ̀ á wọ aṣọ, á wọ irun, àwọn ọmọ ilé kéú á máa fi imú dídì kí mi. Ṣùgbọ́n awọ àgbò ò dára fún gíábọ́ọ̀sì, ó rọ̀ jù. Awọ ẹ̀yìn màlúù nìkan ló lè bá irin gbé.

Òfin kan wà ní ìsọ̀ Bàámi tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rú. Ihò tí òwú kò bá gba inú rẹ̀ kọjá, àbùkù ni. Bí ìluhò bá ṣèèṣì bọ́ lọ́wọ́ rẹ tó lu ibi tí kò yẹ, o ó gé awọ wẹ́rẹ́ bí ẹ̀wà, o ó rẹ ẹ́ sínú oje igi, o ó gbá a wọnú ihò náà, o ó sì fi àdá kékeré fá orí rẹ̀ títí ojú ò fi ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí. Mo kọ́ òfin yẹn dáadáa. Ó wọ̀ mí lára débi pé bí mo bá rí ihò lára ògiri, ọwọ́ mi á máa yún mi.

Mẹkáníìkì kan wà lẹ́yìn ìsọ̀ wa, Bùrọ̀dá Lámídì là ń pè é. Ó gbé síìlì àlòkù kan wá lọ́jọ́ kan, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ní, "Bàbá, ẹ bá wa gé irú èyí." Bàámi ò fi ọwọ́ kàn án. Wọ́n ní, "Awọ tí mo fi oṣù kan ṣe kó lè mọ́, ẹrẹ̀ ọ́ìlì ni kí n wá gbé e jù sí?" Bùrọ̀dá Lámídì yí padà, ó ń lọ. Èmi ni mo sá tẹ̀ lé e. Mo gé e fún un ní kọ̀rọ̀, ó sì ní kí n wá wo ibi tí yóò gbé. Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ lọ́rì fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Wọ́n ti ṣí ìdérí gíábọ́ọ̀sì. Mo rí eyín irin tó ń bá eyín irin pàdé, tí kò sí èyí tó ń ṣẹ́, gbogbo wọn ń dán nínú ọ́ìlì. Ẹ̀yin ọmọ, orí mi wú. N ò padà sí ìsọ̀ Bàámi bí ẹni tó jáde níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Bùrọ̀dá Lámídì ni mo lọ ń kọ́ṣẹ́ láti ìgbà náà.

Ọdún méjì gbáko ni Bàámi ò fi bá mi sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Wọ́n ń kí mi, wọ́n ń bù fún mi nínú oúnjẹ wọn, ṣùgbọ́n bí mo bá wọlé pẹ̀lú ọwọ́ dúdú, wọ́n á gbé ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó dùn mí. Mo gbọ́n ju kí n sọ ọ́ lọ.

Iṣẹ́ náà rèé. Wàá gé awọ roboto, wàá lu àárín rẹ̀ kó kéré sí ọ̀pá irin náà díẹ̀. Wàá rẹ ẹ́ sínú òróró ẹ̀pà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bàtà là ń fi omi rẹ awọ ṣe o, síìlì kì í rí omi. Òróró náà ò sì gbọdọ̀ gbóná ju kí ìka rẹ lè gbé inú rẹ̀ kí o fi ka ení dé ogún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ awọ á ká jọ bí ewé gbígbẹ. Lẹ́yìn náà wàá fi igi tẹ̀ ẹ́ títí tí yóò fi yọ ètè, wàá sì kọjú ètè náà sí ọ̀dọ̀ ọ́ìlì nínú lọ́hùn-ún. Ohun tó máa ń ya mí lẹ́nu dòní nìyẹn. Bí ọ́ìlì bá ti ń ti ètè yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ètè yẹn ń lẹ̀ mọ́ ọ̀pá irin sí i. Ọ́ìlì tó fẹ́ sá jáde fúnra rẹ̀ ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ ro irú èyí? Mo ti béèrè títí, n ò rí ẹni dá mi lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyàwó Bùrọ̀dá Lámídì kí n tó gbàgbé. Kò tíì pé oṣù kan tó wọlé ọkọ. Mo rẹ awọ mẹ́ta sínú òróró, mo gbé abọ́ náà sí ẹnu ọ̀nà wọn. Ìyàwó rí i, ó ní ọkọ òun ló ra pọ̀nmọ́ sílẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó kó o sọ́bẹ̀. Bùrọ̀dá Lámídì jẹun dé ìdí abọ́, ó bá nǹkan pàdé. Ó jẹ ẹ́ lápá ọ̀tún, ó jẹ ẹ́ lápá òsì, eyín ò wọlé. Ó yọ ọ́, ó gbé e sókè, ó rí ihò roboto láàárín rẹ̀. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, o ti se síìlì lọ́rì fún mi jẹ!" Ìyàwó ní, "Ẹ máa jẹ ẹ́, ó ní maggi." Títí tó fi dàgbà, Ìyá Síìlì ni a ń pè é ní àdúgbò, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Ní tiyín, bí ẹ bá ti de nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn, ẹ ó ya fọ́tò, ẹ ó fi ránṣẹ́ sí ọlọ́kọ̀, iṣẹ́ ti parí. Ní tiwa, aṣọ funfun ló ń parí iṣẹ́. A ó da ọ́ìlì tuntun sínú gíábọ́ọ̀sì, a ó wa ọkọ̀ náà lọ sí Yábà ká tún wà á bọ̀ kó lè gbóná dáadáa. A ó gbé e sí ibi tó tẹ́jú lẹ́yìn ìrun àìlà, a ó tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ gíábọ́ọ̀sì, ẹnikẹ́ni ò sì ní súnmọ́ ọn títí wọn yóò fi kírun àlàásárì tán. Nígbà náà ni àdúgbò á péjọ, ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò fa aṣọ náà jáde. Bó bá funfun, ariwo á ta. Bí ẹ̀kán kan bá wà lára rẹ̀, ẹnu ọ̀nà mẹkáníìkì la ó gbé e kọ́ sí títí yóò fi tún iṣẹ́ ṣe. Mo ti rí ọkùnrin tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí ẹ̀kán kan.

Ibi aṣọ yìí ni mo ń bá ọ̀rọ̀ bọ̀.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ìyá Múlíkà. Awakọ̀ ni ọkọ rẹ̀, ó máa ń fi lọ́rì kan kó pákó. Ọkùnrin náà kú, lọ́rì yẹn nìkan ló sì fi sílẹ̀ fún obìnrin yìí àti ọmọ mẹ́rin. Gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ ń jò. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, Bàbá Ìsá, ní lọ́rì tó ń jò á pa ènìyàn lọ́jọ́ kan, kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra irin. Obìnrin náà bẹ̀bẹ̀. Wọ́n fi àdéhùn sí i níwájú àáfà pé bí aṣọ bá funfun ní ọjọ́ Jímọ̀, lọ́rì di tirẹ̀, yóò gba awakọ̀ sí i láti fi tọ́ ọmọ. Bí kò bá funfun, ó di títà. Bùrọ̀dá Lámídì gbé iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́.

Síìlì rẹ̀ ti gbó lóòótọ́. Mo gé tuntun. Nítorí pé àánú obìnrin náà ń ṣe mí, mo ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ká pákó tó wà nísàlẹ̀ ìjókòó awakọ̀, mo fi kẹ́rósìnnì fọ gbogbo orí gíábọ́ọ̀sì náà títí ó fi ń dán, mo sì to pákó náà padà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun a tẹ́ aṣọ. Ẹ̀kán mẹ́ta. Mo gé òmíràn, mo tẹ ètè rẹ̀ dáadáa. Ní ọjọ́rú a tún tẹ́ aṣọ. Ẹ̀kán méje. Aṣọ méjì ló rọ̀ sí ẹnu ọ̀nà wa, Bàbá Ìsá sì gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù síbẹ̀. Ìyá Múlíkà ò sọ̀rọ̀ líle kankan sí mi. Ó kàn ní, "Ọmọ mi, ó ku ọjọ́ kan."

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàámi. Mo ní, "Bàámi, awọ ti dà mí." Wọ́n gbé ojú sókè. Wọ́n ní, "Awọ kì í dani. Dìde, mú mi débẹ̀."

A ṣẹ̀ṣẹ̀ wa lọ́rì náà dé láti Yábà, ó ń gbóná. Bàámi bọ́ agbádá wọn, wọ́n fún Bùrọ̀dá Lámídì dì mú, wọ́n sì wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. A máa ń pa á lówe pé ohun tí àgbàlagbà rí ní ìjókòó, ọmọdé ò lè rí i lórí ìdúró. Bàámi ò tilẹ̀ jókòó, wọ́n dùbúlẹ̀ gbalaja ni. Wọ́n fi ìka wọ́ etí síìlì mi yíká. Wọ́n ní, "Awọ yìí ò jẹ̀bi. Nǹkan kan ló ń tì í láti inú ju agbára rẹ̀ lọ." Wọ́n jáde, wọ́n ní kí a ká pákó inú ọkọ̀ kí àwọn rí orí rẹ̀. Wọ́n di ojú, wọ́n ń fi ọwọ́ ra ìdérí gíábọ́ọ̀sì náà kiri bí afọ́jú tó ń wá owó. Ìka wọn dúró lójú kan.

"Ta ló fi awọ sínú irin níbí?"

Mo ní, "Èmi ni, Bàámi. Ihò kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò ní iṣẹ́ kankan. Mo rí i nígbà tí mo fọ̀ ọ́, mo bá dí i."

Bùrọ̀dá Lámídì fi ọwọ́ lérí. "Yéè! Kí lo dí? N ò mọ̀ pé o débẹ̀ o!"

Bàámi ò tíì la ojú. Wọ́n ní, "Bí mo bá rán ẹwìrì tán, tí mo wá rán ẹnu rẹ̀ pa, tí alágbẹ̀dẹ tẹ̀ ẹ́, ibo ni afẹ́fẹ́ á gbà?"

Mo ní, "Á gba ojú ibi tí ẹ ti rán an, Bàámi." Bí mo ti sọ ọ́ tán ni ó yé mi pé afẹ́fẹ́ gbígbóná inú gíábọ́ọ̀sì ló ń ti ọ́ìlì gba ara síìlì jáde. Inú ilé ni aṣeni ń gbé. Gbogbo ìgbà tí mo ń gé awọ tuntun, ọwọ́ èmi fúnra mi ló ń jò.

Bàámi yọ ìluhò nínú àpò ṣòkòtò, wọ́n gún ègé awọ náà, wọ́n sì fà á yọ. Fííììì! Afẹ́fẹ́ gbígbóná tú jáde níbẹ̀, ó gùn, ó gùn, ó dà bí ẹni tó ti ń di èémí mú láti àárọ̀. Bàámi gbé àtẹ́lẹwọ́ sí orí ihò náà, wọn ò sì gbé e kúrò.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Ìyá Múlíkà ò jẹ́ kí a lo aṣọ tiwa. Ó mú tirẹ̀ wá láti ilé. Èyí tó ṣẹ́kù lára aṣọ tí wọ́n fi sin ọkọ rẹ̀ ni. Ó tẹ́ ẹ fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kírun àlàásárì tán, ó kúnlẹ̀, ó fà á jáde, ó gbé e sókè sí oòrùn. Funfun báláú. Ariwo ta dé Ìdí-Òrò.

Bàbá Ìsá na ọwọ́. Ó ní, "Ẹ dákẹ́ ná. Awọ tó jò lọ́jọ́rú náà ló wà níbẹ̀ lónìí. Kí lẹ tún ṣe? Ohun tó lọ láìjẹ́ pé a mọ ìdí rẹ̀ á padà wá. N ò ní fún un ní kọ́kọ́rọ́ lórí oríire."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́, ìyẹn ló burú níbẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, lọ́rì lọ. Bí mo bá sọ ọ́, ta ni yóò tún gbé gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ wá fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí imú ọkọ̀? Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Mo wo ojú Ìyá Múlíkà. Mo la ẹnu.

Bàámi ti kọjá mi síwájú. Wọ́n ní, "Ẹ̀bi mi ni, Bàbá Ìsá. Ihò kan wà lórí rẹ̀ tó fi ń mí. Èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí pé kó má fi ihò kankan sílẹ̀ láìdí."

Mo ní, "Bàámi, ọwọ́ mi ló dí i."

"Ọwọ́ rẹ ni. Ẹ̀kọ́ mi ni." Wọ́n kọjú sí àwọn ènìyàn. "Síìlì tó gé ò ní àbùkù kankan. Mo fi ọwọ́ mi yẹ̀ ẹ́ wò. N ò lè gé e dára ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Bàbá Ìsá wo Bàámi, ó wò mí, ó wo abẹ́ lọ́rì. Ó wá fi kọ́kọ́rọ́ náà sí ọwọ́ ìyàwó àbúrò rẹ̀. Obìnrin náà ò mọ ọkọ̀ wà. Síbẹ̀ ó gun òkè lọ, ó jókòó sí ibi tí ọkọ rẹ̀ ń jókòó sí, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń gùn tẹ̀ lé e.

Èmi àti Bàámi rìn padà sílé. Mo dúpẹ́ títí, wọ́n kàn ń lọ níwájú mi. Mo rò pé inú ṣì ń bí wọn. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n dúró, wọ́n ń wo àtẹ́lẹwọ́ wọn.

Wọ́n ní, "Irin ń mí, ìwọ ọmọ yìí. Láti ọdún méjì tí o ti wà nídìí rẹ̀, o ò sì sọ fún mi."